Ìwé Kejì Ọ̀gá Shawkat àti Ẹnu Àwọn Tó Kà Á

Bí Ọ̀gá Shawkat Bedair bá fẹ́ sín, Lamei igbákejì rẹ̀ á ti dìde dúró kí ó tó sín, kí àdúrà má baà pẹ́ dé. Irú ọ̀gá tí ó jẹ́ nìyẹn. Òun ni olùdarí Ilé Àṣà ní Kafr Barudi, ìlú tiwa yìí, láàárín odò àti oko ìrẹsì. Páṣà kan, ìjòyè ńlá, ló kọ́ ilé náà láyé ọba, kí ìjọba tó gbà á. Ilé ìkàwé wà nínú rẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ ìránṣọ níbẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọdé náà sì ń pàdé níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kò sí èyí tó ní kí ènìyàn máa rìn bí ọba nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n bí ọba ni Ọ̀gá Shawkat ń rìn. Ó ní kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì òun títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹ. Òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ pè é ní "Ọ̀gá" lásán. "Ọlọ́lá Olùdarí" ni. Bí ó bá sì ti ń wọlé bọ̀ láàárọ̀, Lamei á kígbe sí gbogbo wọn pé, "Ìmọ́lẹ̀ ti dé," kódà lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ.

Bí ọlá yẹn ṣe já lulẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ìwé ló já a, ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ọwọ́ tiwa ará ìlú níbẹ̀ kò ju pé a kà á, a sì sọ ohun tó wà nínú wa.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi píánò bẹ̀rẹ̀. Páṣà yẹn fi píánò dúdú kan sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, òun sì ni ẹgbẹ́ akọrin fi ń kọ́ orin láti ìgbà tí àwọn ìyá ọmọ wọ̀nyí ti wà lọ́mọdé. Lọ́dún tó kọjá, olùkọ́ orin ṣí gbọ̀ngàn láàárọ̀ Sátidé kan, kò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju ojú ilẹ̀ tó mọ́ roro láàárín eruku. Ọ̀gá Shawkat yan ìgbìmọ̀ ìwádìí, ó fi ara rẹ̀ ṣe alága, ó sì parí ìwádìí náà kí àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ ẹ̀wà àárọ̀ wọn tán.

"Géètì kan ṣoṣo ni ilé yìí ní," ó wí, ó na ìka sókè. "Olùṣọ́ kan ṣoṣo ni géètì náà ní. Bí olùṣọ́ kò bá jalè, a jẹ́ pé ó sùn. Bí kò bá sùn, a jẹ́ pé ó jalè."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe lé Bàbá Gaber nìyẹn, ọkùnrin tó ti ń ṣí géètì yẹn kí irun rẹ̀ tó funfun. Wọ́n lé e bí ẹni lé ajá, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ẹ ṣeun. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ó ń ta ẹ̀pà yíyan. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá ń kọjá á ní, "Bàbá, ẹ fi píánò yín lu orin kan fún wa." Bàbá Gaber á wé ẹ̀pà wọn fún wọn, á sì yíjú sí odò. Ní ti àwọn ọmọ akọrin, olùkọ́ wọn ya eyín píánò sórí páálí. Wọ́n á máa tẹ páálí náà, wọ́n á sì máa fi ẹnu wọn ṣe ohùn rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Ọ̀gá Shawkat tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, *Ta Ló Pa Aláwọ̀n?* Ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni òun tà láti fi tẹ̀ ẹ́. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ìwé náà dùn. Ọlọ́pàá kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Wagdi, ọkùnrin kúkúrú tí ẹsẹ̀ máa ń dùn, tó máa ń bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì bí ó bá ń ronú, tí ìyàwó rẹ̀ sì máa ń pariwo lé lórí nítorí kì í rántí ra búrẹ́dì bọ̀. Gbogbo ìlú fẹ́ràn Wagdi. Àwọn ènìyàn ń kà á nínú ọkọ̀ ojú irin. Àwọn awakọ̀ túkútúkú, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó pa aláwọ̀n. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé bàbá arúgbó tó tẹ ìwé náà ti fi síṣọ́ọ̀sì gé ìdajì rẹ̀ dànù kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti ń yìn, ṣé ó tún ń rántí ẹni tó bá a ṣa òkúta inú ìrẹsì?

Nígbà tí Ọ̀gá Shawkat gbé apá kejì, ìwé tó nípọn tó ìrọ̀rí, lọ bá bàbá náà, bàbá ní kí àwọn gé e.

"Ta ló ń gé Náílì kúrú?" Ọ̀gá Shawkat bi í.

"Ọlọ́lá," ni bàbá wí, "Náílì náà ní bèbè."

Ọ̀gá Shawkat kó ìwé rẹ̀, ó lọ bá atẹ̀wé mìíràn, ẹni tí kò ní síṣọ́ọ̀sì.

*Ìtẹ́ Tó Fẹsẹ̀ Rìn* ni orúkọ apá kejì. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, gbogbo Ilé Àṣà kò ṣiṣẹ́ mìíràn. Àwọn obìnrin ìránṣọ ti fi òwú kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà sára ìrọ̀rí, èyí tó tóbi jù nínú wọn ní, "Apànìyàn kì í sun oorun ọ̀sán." Àwọn ọmọdé kọ orí kẹta rẹ̀ lórin. Ìròyìn àyẹ̀wò òkú ni orí kẹta yẹn. Ẹ fojú inú wo àwọn ọmọ kéékèèké nínú aṣọ funfun, tí wọ́n ń kọrin nípa ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Lẹ́yìn náà ni Lamei dìde.

"Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì," ó ní, ó ti mú áńkáṣíìfù lọ́wọ́. "Mo ka ìwé yìí, mo sunkún. Mo tún un kà, mo tún sunkún. Ìyàwó mi ní kí n lọ rí dókítà ojú. Mo ní, obìnrin, kì í ṣe àìsàn, ọgbọ́n ló pọ̀ jù fún ojú mi."

Ọ̀gá Shawkat dìde láti fi ìrẹ̀lẹ̀ dáhùn. "Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé ńlá," ó ní. "Ẹni tó jù mí lọ lè wà láyé. N kò kàn tíì rí i ni."

Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ra ìwé náà, wọ́n ti yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó oṣù wọn kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn fẹ́ rà á.

Ẹgbẹ́ òǹkàwé wa máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nínú yàrá tí àwọn aláìsàn ti máa ń dúró de Dókítà Afaf. Dókítà eyín ni Afaf, ó ń ka ìwé ọ̀daràn bí ẹni ń jẹ gúgúrú, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a jókòó lé ìwé kejì yìí lórí.

"Ta ló kà á tán?" Afaf béèrè.

Hagg Mitwalli alápatà gbé ìwé náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń wọ̀n ọ́n bí ẹni wọn ẹran. "Egungun pọ̀ nínú ẹ̀," ó ní. "Dókítà, níbo ni wọ́n gbé Wagdi wa lọ? Eléyìí ga, ó rẹwà, wọ́n ti sọ ọ́ di olùdarí, gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń dìde fún un. Ẹsẹ̀ ò tiẹ̀ dùn ún mọ́. Ọkùnrin tí ẹsẹ̀ ò dùn, báwo lá ṣe ronú?"

"Ẹsẹ̀ kọ́ ni tèmi," Afaf ní. "Bí wọ́n ṣe jí ìtẹ́ yẹn ni mi ò lè gbé mì."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe jí i nínú ìwé náà. Ìtẹ́ wúrà wà nínú ààfin kan, olùṣọ́ wà lẹ́nu géètì. Olè yọ ẹsẹ̀ ìtẹ́, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dì í, ó gbé e sínú ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ìyàwó, láàárín bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì àti mátírẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ń lu ìlù, àwọn obìnrin ń fi ahọ́n dá ìhó ayọ̀. Olùṣọ́ fúnra rẹ̀ bá wọn gbé e, ó mu omi tamarind, èso kíkan tí wọ́n fi ń ṣe ohun mímu, ó sì ṣàdúrà fún ìyàwó bí ọkọ̀ ti ń jáde.

"Olùṣọ́ tó ti dàgbà sẹ́nu géètì," Afaf ní. "Kò béèrè ìyàwó ta ni. Kò béèrè kí ni ẹrù ìyàwó wá ṣe láàfin. Ó kàn mu tamarind."

"Àbí tamarind náà ló ní nǹkan nínú," ni Hagg Mitwalli wí, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Afaf kọ ọ̀rọ̀ sí ojú ìwé ẹgbẹ́ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo ìlú ti máa ń kà á. Ó ní: "Apá kìíní dára. Ti èyí, eyín rẹ̀ ń mì. Mo fọwọ́ kan bí wọ́n ṣe jí ìtẹ́ báyìí, ó já bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé." Awakọ̀ túkútúkú kan kọ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ti kó ẹrù ìyàwó rí, àga kan péré ló lé nínú ẹrù, ìbéèrè tí wọ́n bi òun lórí rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tó pa ènìyàn lọ. Ẹlòmíràn fún ìwé náà ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo nínú márùn-ún, ó ní bébà rẹ̀ dára láti fi nu gíláàsì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ó ti di àṣà lẹ́nu ará ìlú. Bí ọkọ bá pẹ́ délé tó sì ń ṣàlàyé, ìyàwó á ní, "Kó o sínú ọkọ̀ ìyàwó." Ó túmọ̀ sí pé irọ́ rẹ wúwo, wá nǹkan gbé e.

Ọ̀gá Shawkat ka gbogbo rẹ̀. Kò lè jẹun. Ó lọ bá Inshirah ìyàwó rẹ̀ nílé ìdáná, ibi tó ti ń di ìrẹsì sínú ewé àjàrà.

"Ìyá Yara, wọ́n ní kò lè ṣẹlẹ̀."

"Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," Inshirah ní, kò gbójú sókè.

"Kí ni mo fẹ́ dúpẹ́ fún?"

Obìnrin náà wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá Yara, nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo sáré pa ìwé náà dé. Ọkọ̀ tó kó ẹrù ọmọ yín ni. Tamarind tí mo fi ọwọ́ ara mi pò ni. Kí ló gbé yín débi kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Ibẹ̀ ló dára jù nínú ìwé náà."

"Ẹ̀wọ̀n ló wà níbẹ̀."

"Ẹ̀wọ̀n kẹ̀? Ta ló fẹ́ mú mi? Wọn ò gbà pé ó ṣeé ṣe. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ohun tí mo fi odindi oṣù kan ronú, tó lọ geerege láìsí àṣìṣe kankan, dókítà eyín wá ń sọ pé ó já bọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ ibi tí píánò gbà báyìí. Nígbà ìgbéyàwó Yara, Ọ̀gá Shawkat ti kó ẹrù ọmọ náà sínú gbọ̀ngàn ìjọba bí ẹni pé gbọ̀ngàn bàbá rẹ̀ ni. Nígbà tí ẹrù ń jáde, píánò bá a jáde. Ẹ ti ṣíwájú wa nìyẹn. Àwa ará ìlú kò tíì mọ nǹkan kan nígbà tí mò ń sọ yìí, à ń fi ọkọ̀ ìyàwó ṣe ẹ̀fẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Èrò Òǹkàwé kalẹ̀, Lamei sì ni alága. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá ìwé ní ilé ìkàwé, ìbáà jẹ́ ìwé ìsebẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé *Ìtẹ́ Tó Fẹsẹ̀ Rìn* ṣeé gbàgbọ́. Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé gbé ìwé ọ̀gá sí pẹpẹ ìsàlẹ̀, wọ́n gbé òun náà lọ sí yàrá tí àwọn àga tó kán wà. Wọ́n pe àwọn tó bú ìwé náà wá gba ẹ̀kọ́, wọ́n sì fún wọn ní ìdánwò. Hagg Mitwalli lọ nítorí pé wọ́n ní tíì wà níbẹ̀. Ìbéèrè kìíní ni pé, ojú ewé wo ló pa ọ́ lẹ́kún jù? Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ̀yìn ìwé, níbi tí iye owó rẹ̀ wà." Wọ́n lé e jáde kó tó mu tíì.

Bí ìgbìmọ̀ ṣe ń tún èrò wa ṣe tó, bẹ́ẹ̀ ni èrò náà ń bàjẹ́ sí i.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ dé láti Káírò pé Ọ̀gbẹ́ni Fikri ń bọ̀, ọ̀gá láti iléeṣẹ́ ìjọba, láti wò ó bóyá Ọ̀gá Shawkat yẹ fún ipò tó ga ju èyí lọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí àtọ̀gbẹ ń bá jà ni Fikri, kò fẹ́ ju kó tètè padà sílé lọ. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Shawkat rí i pé ọjọ́ náà ni òun yóò pa gbogbo ẹnu mọ́. Ó ní wọn yóò ṣe orí tí wọ́n ti jí ìtẹ́ nínú ìwé náà ní eré, nínú àgbàlá, níṣojú àlejò àti gbogbo ìlú: ọkọ̀ gidi, ìlù gidi, ìhó ayọ̀ gidi. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ni yóò dúró fún ìtẹ́.

Olùṣọ́ tuntun ló ba ìdánrawò jẹ́. Bí ọkọ̀ ti dé géètì, ó na ọwọ́ síta, ó ní, "Ìwé àṣẹ ẹrù dà?"

"Olùṣọ́ inú ìwé kì í béèrè ìwé àṣẹ," Ọ̀gá Shawkat ní.

"Ọlọ́lá, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa béèrè látìgbà tí píánò ti sọnù."

Wọ́n tún un ṣe, ó tún béèrè. Lamei wá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ létí. "Ọlọ́lá, ẹ ò ṣe jẹ́ ká pe Gaber? Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ olùṣọ́ tí nǹkan bọ́ mọ́ lọ́wọ́." Ọ̀gá Shawkat ronú díẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá sá fún irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ bí ẹni sá fún ejò. Ó ní ìmọ̀ràn náà dára.

Lamei bá Bàbá Gaber lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá.

"Bàbá, eré ni. Ẹ ó kàn dúró, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó gbé nǹkan."

"Ẹni tó ń bọ̀ láti Káírò, ṣé yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi?"

"Bí eré bá parí, ẹ lè kí i."

Bàbá Gaber da aṣọ bo ẹ̀pà rẹ̀. "Mò ń bọ̀," ó ní.

Ọjọ́ pé, àgbàlá kún. Fikri jókòó níwájú, Ọ̀gá Shawkat lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù wọlé pẹ̀lú ìlù, àwọn obìnrin ìránṣọ ń dá ìhó, wọ́n sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì olódòdó dì kalẹ̀. Bàbá Gaber dúró sẹ́nu géètì nínú jàlàbíà tó ti fọ̀ lánàá. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Ẹ kú ìnáwó o. Kí lẹ kó?"

"Rárá," ni Ọ̀gá Shawkat wí láti orí àga. "Má béèrè nǹkan kan. Ẹ̀rín lo kọ́kọ́ rín."

Bàbá Gaber gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Shawkat kò lè jókòó mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú àgbàlá. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. O fọwọ́ gbá ara ọkọ̀, o ní Ọlọ́run á jẹ́ kó tòrò. O wá fi èjìká ọ̀tún sábẹ́ ẹrù."

"Èjìká ọ̀tún ni mo máa ń lò, ọ̀gá. Òsì máa ń dùn mí."

"Mo mọ̀. Ọ̀tún lo lò. O tì í, o ní, 'Kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó yìí mà wúwo o, àbí òkúta ni ọkọ rẹ̀ fi sanwó orí?' Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, kí àlejò gbọ́."

Bàbá Gaber kò sọ ọ́. Ó mú ọwọ́ kúrò lára ẹrù náà díẹ̀díẹ̀. "Ọ̀gá," ó ní, "mo ti ka ìwé yín. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí níbẹ̀."

"Ó yẹ kó wà níbẹ̀, mo gbàgbé rẹ̀ ni."

"Èmi ni mo sọ ọ́. Ọjọ́ tí ẹrù Yara ń jáde ni mo sọ ọ́."

Ìlù ti dákẹ́. Láti àárín èrò ni Dókítà Afaf ti sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ fún aláìsàn pé kó la ẹnu sí i. "Ọlọ́lá, kọ́bọ́ọ̀dù kì í wúwo tó bẹ́ẹ̀. A ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò lè ṣẹlẹ̀."

Ẹ̀jẹ̀ ru sí ojú Ọ̀gá Shawkat. "Ta ló sọ fún ọ pé kọ́bọ́ọ̀dù ni? Píánò ni. Ó wúwo ju ìtẹ́ wúrà lọ. A yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, a dì í, ó kọjá lẹ́nu géètì lọ́sàn-án gangan, olùṣọ́ sì bá wa tì í. Ó yá, dókítà, tún sọ fún mi pé kò lè ṣẹlẹ̀."

Ó na apá méjèèjì, ó tẹ orí ba, ó ń dúró de àtẹ́wọ́. Lamei pàtẹ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ó sì fi wọ́n sápò.

"Píánò wo?" ni Ọ̀gbẹ́ni Fikri béèrè.

Àwọn ọlọ́pàá mú Ọ̀gá Shawkat kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di àárọ̀, orí rẹ̀ ti padà wálé. Ó ní eré ni, ìrònú òǹkọ̀wé ni, òun kàn ń fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ ni. Awakọ̀ ọjọ́ yẹn ti lọ ṣiṣẹ́ ní Líbíà. Wọ́n tú ilé Yara wò, kò sí píánò níbẹ̀. Inshirah kò la ẹnu. Ó wá di pé bí wọ́n bá dá ọ̀gá náà sílẹ̀, Bàbá Gaber yóò kú sórí orúkọ olè.

Agbẹjọ́rò tí Ọ̀gá Shawkat gbà gbọ́n. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ó kó gbogbo èébú tí a bú ìwé náà wá, ó ń kà á fún adájọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pe Dókítà Afaf sórí ìjókòó ẹlẹ́rìí.

"Ìwọ lo kọ ọ́ pé kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé?"

"Èmi ni."

"Ṣé ohun tó wà lọ́kàn rẹ nìyẹn?"

Afaf wo Bàbá Gaber níbi tó jókòó sí, ojú tì í. "Nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni."

"Olúwa mi," ni agbẹjọ́rò wí, "ìlú tó ka ìwé yìí fẹnu kò pé ìtàn náà kò lórí, kò nídìí. Báwo ni a ó ṣe fi ohun tí ọmọdé pàápàá kò lè gbà dá ènìyàn lẹ́bi?"

Nínú àgò irin tí wọ́n ń ti ẹni tó ń jẹ́jọ́ mọ́ ní kóòtù wa, Ọ̀gá Shawkat ń wú bí búrẹ́dì nínú ààrò. Adájọ́ yíjú sí i. "Shawkat Bedair, ṣé o gbà pé ìtàn tí o kọ kò ṣeé gbàgbọ́?"

Kò ju kó sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni," kó sì máa lọ sílé. Inshirah ń mi orí sí i láti ìjókòó. Agbẹjọ́rò ń fi ètè nìkan sọ ọ́ fún un. Ó la ẹnu, ó ní, "Bẹ́ẹ̀..." Gbogbo kóòtù ń wò ó.

"Olúwa mi," ó ní, "ṣé ẹ ti kà á?"

"Mo kà á."

"Kí lẹ rò?"

Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Apá kìíní dùn. Lórí ìkejì, mo sùn lọ."

Ọ̀gá Shawkat di irin àgò mú. Ọ̀rọ̀ náà tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi tó fọ́ bèbè: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú rẹ̀, bí ó ṣe yọ ẹsẹ̀ píánò, ẹni tó di ìhà ibí mú, ẹni tó di ìhà ọ̀hún, òtẹ́ẹ̀lì etí òkun tó tà á fún, bí ó ṣe fi owó náà tẹ ìwé àkọ́kọ́. "Ẹ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì náà," ó ní. "Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, orúkọ Páṣà wà níbẹ̀. Ẹ lọ wò ó, kẹ́ ẹ tó wá sọ fún mi pé n kò mọ ìtàn gbé kalẹ̀."

Agbẹjọ́rò bọ́ ẹ̀wù dúdú rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó sì gbé e lé orí ẹsẹ̀.

Wọ́n lọ, wọ́n sì rí i. Wọ́n rán Ọ̀gá Shawkat lẹ́wọ̀n. Nígbà tí akọ̀wé kóòtù ń ka ìdájọ́, ó ka orúkọ Bàbá Gaber tán pátá, Gaber Abdel-Maqsud, ó ní kóòtù wẹ̀ ẹ́ mọ́, kí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì fún un ní gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bàbá náà ní kí ó jọ̀ọ́ kó tún un kà.

*Ìtẹ́ Tó Fẹsẹ̀ Rìn* tà tán láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn òǹkàwé wá gbà pé ó ṣeé gbàgbọ́, wọ́n ní ó kàn gùn jù ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Dókítà Afaf pe Bàbá Gaber wá sí ẹgbẹ́ wa. Ó fún un ní àga tó rọ̀, èyí tí àwọn tí eyín ń dùn jù máa ń jókòó lé. Ó tọrọ àforíjì lórí ohun tó kọ. Bàbá ní kò burú, kò sí ẹni tó ń ka ìwé tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, a ò tíì gbọ́ tiyín," Afaf ní. "Báwo lẹ ṣe rí ìwé náà?"

"Mo kà á látòkè délẹ̀," Bàbá Gaber ní. "Gbogbo ènìyàn ló ní orúkọ níbẹ̀. Olè ní orúkọ. Ajá ààfin ní orúkọ. Olùṣọ́ yẹn nìkan ni wọn ò pè ní nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹrù, ó ṣàdúrà, olùṣọ́ ni wọ́n ń pè é ṣáá. Ọ̀gá mọ orúkọ mi. Ojoojúmọ́ ló fi ń pè mí."

Afaf fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra láti kọ èrò bàbá sí ojú ìwé ẹgbẹ́, bí a ṣe máa ń kọ ti gbogbo wa.

"Ìràwọ̀ mélòó ni kí n fi sí i, Bàbá?"

"Ẹ kọ orúkọ mi ná," ó ní.